Ta Ló Ni Ọ̀pá Epo Abẹ́ Òkun?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ìkàrẹ́ Àkókó)

  

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ lọ́yà tí mo ń ṣe. Mo ti rí àwọn tó ń yọjú wo ìkòkò ìrẹsì lẹ́yìn. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò ní pẹ́.

Ní ìpàdé èṣí, ọ̀kan nínú wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Omi ni à ń pè é, nítorí pé láàárín àwa ọmọ orí àpáta, òun nìkan ló ti Ìlàjẹ wá. Ó ní àbúrò òun ju àwọ̀n sókun níwájú Awoye, àwọ̀n lọ há mọ́ páìpù nísàlẹ̀ omi, ó sì ya. Epo dúdú ń léfòó káàkiri ibẹ̀. Àbúrò náà lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. Ó dé ìkejì, wọ́n ní kó lọ sí Àbújá. Ọmọ Omi wá bi mí pé, "Lọ́yà, ta ló ni páìpù yìí gan-an? Ọ̀dọ̀ ta la ó gbẹ́jọ́ lọ?" Kí n má purọ́ fún yín, mo kólòlò. Òun ni mo fẹ́ dá lóhùn lónìí, kí gbogbo yín bá a gbọ́.

Ẹ lè ní kí ló kan ará Ìkàrẹ́ tàbí ará Ọ̀kà nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ẹ̀yin gan-an ti jẹ́jọ́ lórí rẹ̀ rí, ẹ kò kàn mọ̀ ni! Ní ọdún 2001, Ìjọba Àpapọ̀ pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, Oǹdó tiwa sì wà nínú wọn. Ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìdá 13 nínú 100, ó kéré tán, nínú owó epo máa padà sí ìpínlẹ̀ tí epo náà ti jáde. Bí kànga bá wá wà nínú agbami ńkọ́? Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ tó bá òkun pààlà, níbo ló parí sí?

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2002, àwọn adájọ́ dáhùn: ibi tí omi òkun bá fà sẹ́yìn dé nígbà tó bá lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìpínlẹ̀ parí sí. Ohun tó kù lẹ́yìn ibẹ̀, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ etí òkun ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ariwo ta, ìpàdé lọ, ìpàdé bọ̀, títí wọ́n fi ṣe òfin mìíràn ní 2004 pé, tó bá di ti ìdá 13 yẹn, kí wọ́n ka òkun títí dé ibi tí omi ti jìn tó mítà 200 mọ́ ìpínlẹ̀. Tíṣà jógíráfì wa, ẹ bá mi sọ fún wọn: jíjìn omi sísàlẹ̀ ni o, kì í ṣe jíjìnnà sí etí òkun. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn lọ́yà pàápàá tí wọ́n ń ṣì í sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Owó ni òfin 2004 dá padà, kò dá àṣẹ padà. Akúrẹ́ lè gba owó lórí epo inú òkun Ìlàjẹ, a sì lè fi san owó tíṣà l'Ákòókó níbí, àmọ́ Akúrẹ́ kò lè fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ láti ri páìpù mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́.

Ó di Àbújá nìyẹn. Àbújá náà kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan. Tẹ́lẹ̀, DPR nìkan ló ń mójú tó gbogbo rẹ̀. Òfin epo rọ̀bì tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 ló pín iṣẹ́ náà sí méjì. NUPRC ló ń ṣọ́ páìpù tó ń gbé epo kúrò lẹ́nu kànga títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Láti ibẹ̀ lọ, páìpù tó ń gbé epo àti gáàsì lọ sọ́jà, ti NMDPRA ni. Bí epo bá dà sómi, àjọ kẹta tún wà, NOSDRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006. Apẹja tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí iṣẹ́ ẹnìkan parí sí tí ti ẹnìkejì bẹ̀rẹ̀?

Kò sì yẹ kó le tó báyìí. Ẹ wo páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti Itoki ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti gbéra, ó wọ òkun ní Àgbádárìgì, ó gba iwájú Benin àti Togo kọjá dé Ghana, kìlómítà 678. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni, èdè òyìnbó méjì, síbẹ̀ wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 2003, wọ́n sì yan àjọ kan ṣoṣo láti ṣàkóso rẹ̀. Nígbà tí ìdákọ̀ró ọkọ̀ tí àwọn olè ojú omi ń lé fa páìpù náà ya níwájú Lomé ní 2012, gáàsì dáwọ́ dúró fún oṣù púpọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló kàn.

Ó ku ti kóòtù, ibẹ̀ ló sì ti ń dun ni jù. Ní 1988, igi wó lu páìpù kan ní Ìpínlẹ̀ Rivers; níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, epo dà sílẹ̀ àwọn ará abúlé. Isaiah àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pe Shell lẹ́jọ́ ní kóòtù ìpínlẹ̀. Wọ́n jàre, kóòtù ní kí wọ́n san 22 mílíọ̀nù náírà fún wọn. Wọ́n tún jàre ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn. Nígbà tó di 2001, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọ̀rọ̀ páìpù epo jẹ́ ara iṣẹ́ ìwakùsà, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lé e lórí. Ọdún 13, ó di òfo. Wọn kò sọ pé irọ́ ni Isaiah pa o. Wọ́n ní kóòtù tó lọ kọ́ ló yẹ kó lọ.

Àwọn mìíràn gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Epo tó dà ní Bonga, nínú agbami, ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2011, tó àgbá 40,000. Àwọn tó pẹjọ́ ní epo náà ṣì wà lórí ilẹ̀ àwọn, nítorí náà ìyà náà kò tíì parí. Ní oṣù karùn-ún 2023, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ ní rárá, ọjọ́ tí epo kan ilẹ̀ ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá kó o kúrò.

Ọmọ Omi, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, má sá. Ìwé mẹ́ta ni mo kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Jẹ́ kí àbúrò rẹ buwọ́ lù wọ́n kó tó di ọjọ́ Ajé, kó sì kọ ọjọ́ tí àwọ̀n ya gan-an síbẹ̀, nítorí òfin ti ń ka ọjọ́ láti ìgbà náà. Bí wọn kò bá fèsì, kóòtù Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Akúrẹ́ la ó gbà lọ. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, àfi ẹja gbígbẹ.

 Alága, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n bu ìrẹsì.