Ohun Tó Yẹ Kí Aláìsàn Mọ̀ Nípa Oògùn Hòmíópátì



Àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé London àti Paris a máa rí ìgò kéékèèké oògùn hòmíópátì lórí àtẹ àwọn olóògùn, wọn a ra hóró funfun tó dùn lẹ́nu, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì gbà lọ́kàn pé àgbo òyìnbó lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi se àgbo wà nínú àgbo: ahọ́n mọ ìkorò rẹ̀, ojú rí àwọ̀ rẹ̀, ó lè wo ni sàn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ bí a bá mu ún ní àmujù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn hòmíópátì, ohun tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò kò sí nínú ìgò mọ́ rárá, aláìsàn tí kò bá sì mọ èyí kò tíì mọ ohun tó ń fi owó rẹ̀ rà.

Samuel Hahnemann ló dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀, oníṣègùn ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní ìlú Meissen ní ọdún 1755, ọ̀mọ̀wé tó gbọ́ èdè púpọ̀, tí àánú aláìsàn sì ń ṣe é. N kò ní bú u. Ní ayé tirẹ̀, bí ara ènìyàn bá gbóná, oníṣègùn a fi abẹ ṣí iṣan rẹ̀, a tú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú àwo. Bí ìyẹn kò bá tó, a lẹ eṣúṣú mọ́ ọn lára, a sì fún un ní oògùn tí yóò mú un máa yàgbẹ́ títí okun yóò fi tán nínú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí àrùn ìbá dá sí fi ń bá ìtọ́jú lọ. Ọkàn Hahnemann kò gba èyí; ó pa iṣẹ́ ìṣègùn tì, ó ń fi ìwé títúmọ̀ jẹun. Ní ọdún 1790, nígbà tó ń túmọ̀ ìwé William Cullen, àgbà oníṣègùn ilẹ̀ Scotland, ó dé ibi tí Cullen ti ṣàlàyé ìdí tí èèpo igi sinkónà fi ń wo ibà, àlàyé náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì lo èèpo náà fúnra rẹ̀ láìsí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun tutù, àyà òun ń lù kìkì, òùngbẹ ń gbẹ òun, bí ẹni tí ibà fẹ́ dá gúnlẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ di òfin pé ohun tó bá lè dá àìsàn sílẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ibà yìí, nítorí ibà ni àrùn tiwa. Ní ọdún 1820, àwọn apòògùn Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ kuiníìnì jáde láti inú èèpo sinkónà náà ní Paris; ní ọdún 1880, Laveran, oníṣègùn àwọn ọmọ ogun Faransé, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Algeria. Nígbà tí ìmọ̀ méjèèjì pàdé ni ó tó yé ayé pé pípa ni kuiníìnì ń pa kòkòrò náà, pé kò sí ohun tí jíjọ ibà ní í ṣe níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí Hahnemann kọ́ ilé rẹ̀ lé ti yẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà ti kún fún ènìyàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn náà nìyí: wọn a mú ẹ̀kán kan nínú omi ewé tàbí ohun mìíràn, wọn a pò ó mọ́ ẹ̀kán omi tàbí ọtí 99, wọn a gbọ̀n ọ́n kíkankíkan, wọn a mú ẹ̀kán kan nínú ìyẹn, wọn a tún fi 99 là á, bẹ́ẹ̀ ni wọn ó máa bá a lọ. Bí ẹ bá rí 30C lára ìgò, ìgbà 30 ni wọ́n ti là á. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ kẹ́místrì fi hàn pé bí ó bá ti kọjá ìgbà 12, kò sí ìrètí pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù ọ̀kan. Nínú ìgò 30C, gbogbo ewé ni kò sí.

Àwọn ará ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní ọdún 1835, lọ́nà tí orí mi fi ń wú títí di òní. Wọ́n pé jọ sí ilé ọtí kan, wọ́n to ìgò 100 kalẹ̀, wọ́n rọ omi yìnyín lásán sí ìdajì, wọ́n rọ iyọ̀ tí wọ́n là dé 30C sí ìdajì yòókù, wọ́n da ètò àwọn ìgò náà rú, ẹni tó pín in kò mọ èwo ni èwo, ẹni tó mu ún kò sì mọ̀. Nígbà tí ènìyàn 50 nínú àwọn tó mu ún padà wá jíṣẹ́, ènìyàn 8 péré ló ní nǹkan ṣe òun: 5 mu iyọ̀, 3 mu omi. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń ṣe lónìí láti dán oògùn wò kò yàtọ̀ sí èyí, àbájáde rẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ìjọba Ọsirélíà gbé ìwádìí 176 yẹ̀ wò, wọn kò rí àìsàn kan tí ẹ̀rí tó ṣe é gbára lé fi hàn pé hòmíópátì ń wò. NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún àwọn dókítà rẹ̀ ní ọdún 2017 pé kí wọ́n dẹ́kun kíkọ ọ́ fún aláìsàn. Ìjọba Faransé kò san owó rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọdún 2021.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ fún mi.” Irọ́ kọ́ ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń pa. Nígbà tí onígbáméjì jà ní London ní ọdún 1854, nǹkan bí 16 nínú 100 ló kú ní ilé ìwòsàn hòmíópátì, nígbà tí àwọn tó kú ní Middlesex Hospital, ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti hòmíópátì, lé ní ìdajì. Kì í ṣe pé hóró ṣúgà pa àrùn, bí kò ṣe pé àwọn oníhòmíópátì fi aláìsàn sílẹ̀ kó sinmi, nígbà tí àwọn oníṣègùn yòókù ṣì ń fi ìtọ́jú líle dá kún àìlera ẹni tí omi ara rẹ̀ ti ń tán lọ. Bákan náà, ọ̀fìnkìn á lọ fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn tó ń dunni á dùn, á sì rọlẹ̀, ìgbà tó bá sì le jù ni a máa ń wá oògùn, tó fi jẹ́ pé ohun tí a bá lò ní ọjọ́ náà ni yóò gba ìyìn. Ohun mìíràn tún wà tí n kò lè fojú kékeré wò: oníhòmíópátì a máa fi wákàtí kan gbáko gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn, á bi í léèrè oorun, ẹkún àti oúnjẹ rẹ̀, nígbà tí dókítà kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí a tẹ́tí sí, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ẹ̀sùn ńlá ni èyí jẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn wa, ó sì yẹ kí wọ́n jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ewu rẹ̀ wá ńkọ́? Èyí tí wọn kò là púpọ̀, tí a ó rí 1X, 2X tàbí 3X lára rẹ̀, ṣì lè ní ohun gidi nínú. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2017, àwọn tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn kéde pé àwọn rí belladonna, ewé olóró, nínú hóró tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń hu eyín, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba láti orí hóró kan sí èkejì, tí ó sì máa ń ju ti ara ìgò lọ nígbà mìíràn. Nítorí náà ẹ má fún ọmọ ọwọ́ ní irú rẹ̀ láìbi dókítà. Ṣùgbọ́n ewu tó tóbi jù ni kí hóró tí kò ní nǹkan nínú gba ipò oògùn tó ní. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ ife tàbí jẹjẹrẹ kò gbọdọ̀ torí hòmíópátì dá oògùn rẹ̀ dúró, bí oníhòmíópátì kan bá sì sọ fún un pé kó dá a dúró, kí ó dìde níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ ní ọdún 2009 pé kí a má lò ó fún ikọ́ ife, éèdì, ibà, àti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé.

Ní ọdún 2006, àwọn oníròyìn BBC àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rán ènìyàn lọ sí àwọn ilé oníhòmíópátì ní London, kó sọ pé òun ń lọ sí Áfíríkà níbi tí ibà wà. Hóró hòmíópátì ni wọ́n fún un pé kó fi dènà ibà, àwọn àgbà oníṣègùn tí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe hòmíópátì sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ wálé ní ọdún Kérésì ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọmọ tí a bí ní òkè òkun kò ní ààbò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ààbò tí ẹ̀yin òbí ní nígbà èwe sì ti dín kù láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ gba oògùn ìdènà ibà lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó gbéra, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá wà nílé, ẹ sì lò ó tán lẹ́yìn tí ẹ bá padà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti là á sílẹ̀. Ẹ sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ara ọmọ bá sì gbóná láàárín ọdún kan tí ẹ padà dé, ẹ má dúró kí dókítà bi yín kí ẹ tó sọ fún un pé Nàìjíríà, Benin tàbí Togo ni ẹ ti dé, ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ náà gan-an.