Ògiri Tí Ẹja Lè Fi Ṣe Ilé

Bí ẹ bá gbọ́ pé òkun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín. Mo mọ̀ pé orí òkè la wà ní Èkìtì níbí, ìgbì òkun kò lè kan ilẹ̀kùn wa. Ṣùgbọ́n ìlú wa ní olórúkọ kan létí òkun, Ayétòrò ti Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò owó wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Lónìí òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wọn lọ, kò yọ ibojì òkú wọn pàápàá sílẹ̀. Ní 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún wọn. Ó lé ní ogún ọdún, omi ṣì ń wọlé.

A ti ń gbàdúrà pé kí ìjọba kọ́ ògiri náà. Mo fẹ́ kí a fi nǹkan kan kún ẹ̀bẹ̀ wa: kí ó jẹ́ ògiri tí ẹja lè gbé. Apẹja ni wọ́n. Bí a bá gba ilé wọn lọ́wọ́ òkun, tí a sì lé ẹja kúrò létí ilé, kí ni wọn yóò máa sè nínú ilé náà? Ẹ̀yin tí ẹ ń ra edé àti ṣàwá lọ́jà, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ògiri kọnkéré tó dán gbọọrọ kò gba ohun alààyè mọ́ra. Bí ìgbì bá kọlù ú, yóò ta padà, yóò sì máa wa iyanrìn ìsàlẹ̀ ògiri lọ díẹ̀díẹ̀. Òkúta ńláńlá tí a tò jọ, tí àlàfo wà láàárín wọn, kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ìgbì á rẹ̀ sínú àlàfo náà, akàn á sá wọ ibẹ̀, ìsáwùrú á lẹ̀ mọ́ òkúta, ọmọ ẹja á rí ibi sá sí fún ẹja ńlá. Ní Sydney, ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2018 sí í de àwo kọnkéré oníhò mọ́ ara ògiri òkun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí omi bá fà, ihò náà á dá omi díẹ̀ dúró, á sì ṣíji bo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí oòrùn má baà pa á.

Ẹ má rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ ronú irú èyí. Ní orí omi Nokoué, ní Benin, lẹ́bàá Ganvié, àwọn apẹja ti ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi tipẹ́. Acadja ni wọ́n ń pè é. Ohun aláwọ̀ ewé á yọ lára igi náà, ẹpìyà á wá jẹ ẹ́, á sì bímọ síbẹ̀. Èmi kò ní kí a gbé e lọ sójú òkun, ìgbì á fọ́ ọ ní ọjọ́ kan. Kò sì ṣàìní àléébù tirẹ̀, nítorí igi tí wọ́n ń gé pọ̀, ó sì ń mú kí ẹrọ̀fọ̀ kún omi. Ṣùgbọ́n òye tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rí: ẹja ń fẹ́ ibi kọ́lọ́fín. Àwọn igi etí òkun tí gbòǹgbò wọn yọ sókè bí ẹsẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, àwa la ń gé wọn dáná.

Iṣẹ́ ọba ni mò ń ṣe, mo sì mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Ohun tí kò bá sí nínú àwòrán àti nínú ìwé ìṣirò iṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn, agbaṣẹ́ṣe kò ní fi kún un nítorí àánú. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n ṣì ń ya àwòrán ni ká sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí aṣojú yín ní Àbújá lórí Ayétòrò ti Ìlàjẹ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Polí, bí ó bá wálé, ẹ bi í léèrè pé: bí ó bá kọ́ ògiri sétí òkun, ibo ni akàn yóò wọ̀?