Ẹ̀bùn Oníbàárà Kì Í Ṣe Ti Ìparí Ọdún Nìkan



Lọ́dún kan, ìparí oṣù kọkànlá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ìsọ̀ mi fún atẹ̀wé. Oṣù kejì ni ó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn ti wà lára ògiri àwọn oníbàárà mi. Owó ńlá wọlẹ̀.

Láti ìgbà náà, oṣù kẹsàn-án ni mo ń gbé kàlẹ́ńdà fún wọn. Kí òjò tó dé ní oṣù kẹfà, agbòjò ni mo ń pín. Bí iléèwé bá fẹ́ wọlé, ìwé ìkọ̀wé ni. Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, bútà àlùwàlá ni, pẹ̀lú orúkọ ìsọ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ààwẹ̀ ń fi bí ọjọ́ 11 yá sí i lọ́dọọdún, ẹ má fi ti èṣí ka á.

Ẹ má gbàgbé alábàárù àti ẹni tí ń ra ẹyọ kan. Àlejò ni àwa ọmọ Yorùbá ní Kánò. Oníbàárà ni ìbátan wa.

Ọlọ́run yóò bù sí ọjà wa o.