Omi Ọyàn Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ló dìde sọ̀rọ̀ lórí èérí ilé-iṣẹ́ tí à ń wọ̀n nínú omi ọyàn abiyamọ. Iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà ni wíwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, ọ̀rọ̀ ẹnu ni a ó fi sọ ọ́ fún ẹni tó ni ọyàn. Níbẹ̀ ni ó ti kàn mí.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1951, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí DDT, oògùn apakòkòrò, nínú omi ọyàn àwọn obìnrin dúdú ní Washington, tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìdí oògùn náà. Ní 1986, Atuma àti Vaz tẹ irú àbájáde bẹ́ẹ̀ jáde nípa àwọn obìnrin Nàìjíríà. DDT kì í yọ́ nínú omi, ọ̀rá ló ń bá ṣọ̀rẹ́. Bákan náà ni PCB, tó wà nínú òróró ẹ̀rọ tiransifọ́mà àtijọ́. Wọn a máa sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọyàn yóò fi lo ọ̀rá náà láti fi ṣe omi rẹ̀.

Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń gba omi ọyàn lọ́wọ́ ẹni tó bí àkọ́bí, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹjọ. Bí obìnrin ti ń fọ́mọ lọ́mú ni ẹrù yìí ń fúyẹ́ lára rẹ̀. Àkọ́bí ló ń gbé èyí tó wúwo jù. (Àkọ́bí ni a sì tún ń retí pé kó gbé ẹrù ìdílé!) Wọ́n a da ti obìnrin 50 pọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀. Àdàlù náà wúlò fún ìjọba, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tó lè gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ní Sweden, àwọn onímọ̀ yẹ omi ọyàn tí wọ́n ti ń tọ́jú láti 1972 sí 1997. Wọ́n rí àwọn kẹ́míkà PBDE, tí à ń fi sínú tìmùtìmù àti ẹ̀rọ kí iná má baà tètè ràn án, tó ń di ìlọ́po méjì lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ìyá kọ́ ni ẹjọ́ já lé lórí. Ní 2004, òfin European Union lé méjì nínú wọn kúrò lọ́jà. Àga ọkọ̀ àtijọ́ ọ̀hún ńkọ́? Ẹ dé ọjà Ladipo ní Múṣin, ẹ ó bá tòkunbọ̀ wọn níbẹ̀, ẹ ó sì bá abiyamọ tó ń tajà láàárín wọn.

Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún obìnrin yìí pé "májèlé wà nínú ọyàn rẹ" ńkọ́? Ní èdè wa, májèlé kì í dá rìn. Ọwọ́ ẹnìkan ló ń bù ú sóúnjẹ ẹlòmíràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo, ìyá ti di apànìyàn. Ọyàn yìí kan náà sì ni abiyamọ ń dì mú nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ ẹ́ kọjá ààlà; ẹ̀rí gbèsè tí ọmọ jẹ ẹ́ ni. Ẹni tó bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ gba ohun tó ju oúnjẹ lọ. Yóò sá lọ bá mílíìkì agolo, yóò fi omi tí kò mọ́ pò ó. Ìgbẹ́ gbuuru a sì máa pa ìkókó kíákíá ju PBDE lọ. Títí di òní, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé kò yí padà: ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà.

Èérí ni mo fara mọ́ ju májèlé lọ. Ìta ni èérí ti ń wá, a sì lè bi í pé ta ló dà á sílẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì wí pé: "Ìyá ìkókó, èérí ìlú ti dé ara yín. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ibi tó ti ń wá la ń wá." Mo sì fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìdí-Àràbà: nínú owó ìwádìí yín, èló ni ti ẹni tí yóò padà lọ sílé obìnrin náà?