Etí àti Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ti fa ẹgba fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé. Bí a bá ní ọmọ kan kò gbọ́ràn, oríkunkun ni àwọn ènìyàn máa ń rò. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń wí pé etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ọmọ tí yírùnyírùn tàbí etí tí ń tú ọyún ti ṣe lọ́ṣẹ́ lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí olùkọ́ pè é títí kí ó má dáhùn. Ó yẹ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí wọ́n tó na ọwọ́ sí pàṣán.

Ti àgbàlagbà yàtọ̀ díẹ̀. Ìró tí ó ga, tí ó sì tín-ín-rín, ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ arúgbó, irú èyí tí ó wà nínú kọ́ńsónáǹtì f àti s. Fáwẹ́lì àti ohùn tí ó gbé sórí wà nísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì lágbára. Bí ìyàwó bá ní “fọ ọ́”, baba lè gbọ́ “sọ ọ́”, nítorí pé ohùn kan náà ni ó wà lórí méjèèjì. Ìdí nìyí tí arúgbó fi ń wí pé òun ń gbọ́ ohùn wọn ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò ní tètè ṣi ọkọ́ gbọ́ sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohùn nìkan kò tó gbọ́ ọ̀rọ̀, àfi bí ó bá jẹ́ dùndún ni ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn irun tíńtìntín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tí wọ́n ń gba ìró fún ọpọlọ. Ọjọ́ ogbó, ariwo ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀, àti àwọn oògùn bíi streptomycin àti gentamicin lè pa wọ́n. Bí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù mọ́. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó lé ní 430 mílíọ̀nù ènìyàn tí àìgbọ́ràn wọn ti tó ohun tí à ń tọ́jú.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò lè jí irun wọ̀nyí dìde. Ó ń gba ìró, ó ń sọ ọ́ di ńlá, ó sì ń tú u sínú etí. Ẹ̀rọ òde òní a máa fi kún kìkì ìró tí etí olúwarẹ̀ kò gbọ́, gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò ti fi hàn. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí à ń yá lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ọ̀pọ̀ rò pé bí a ti ń fi awò sójú ni a ó fi í sétí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn ẹni gan-an a máa dún bí ẹni pé inú ìkòkò ni a ti ń sọ̀rọ̀. Ṣíbí kan àwo, ó dà bí ààrá. Fáànù àti bàtà ń pariwo. Ọpọlọ ti gbàgbé àwọn ìró wọ̀nyí, ó sì ní láti tún wọn kọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sú, tí ẹ̀rọ olówó iyebíye á sì di ẹrù inú àpótí. Wákàtí díẹ̀ lóòjọ́ ni ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá tí ó dákẹ́, pẹ̀lú ẹnìkan ṣoṣo. Ọjà àti òde ìgbéyàwó ni kí ó gbẹ̀yìn. Bí ẹ̀rọ bá ń súfèé, ó lè jẹ́ pé kò jókòó dáadáa, tàbí pé ìdọ̀tí ti dí etí. Kí a yọ ọ́ kí a tó wẹ̀ tàbí kí a tó ṣe àlùwàlá.

Ará ilé náà ní iṣẹ́ tiwọn. Igbe kíké a máa da ọ̀rọ̀ rú ni. Kí wọ́n pa rédíò, kí wọ́n sì kọjú sí i níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, nítorí ojú rẹ̀ ń bá etí ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé a máa dorí kodò bí ó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì máa bọ́ sílẹ̀. Ó lè kúnlẹ̀ kí ó sì gbójú sókè. Àgbà náà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.