Kí A Tó Fọwọ́ Sí Ẹ̀yáwó Owó Ilé-ìwé

(Ọ̀rọ̀ tí alábòójútó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún ní Ìkìrun)

 

Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, a máa ń wo ibi tí wọ́n kọ ìdí ẹ̀yáwó sí. Láyé àtijọ́, oko, òrùlé àti ọjà ni ó máa ń pọ̀ níbẹ̀. Nísinsìnyí, owó ilé-ìwé ni.

Ìyá kan wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí à ń bójú tó. Ó yá owó, ó fi ọmọ rẹ̀ obìnrin sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kan. Owó ọdún kìíní ni wọ́n sọ fún un, owó ọdún kìíní náà ni ẹgbẹ́ ṣírò. Nígbà tí ọdún kejì dé, owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọmọ padà wálé. Gbèsè kò bá a padà. Àwọn onídùúró méjì ni wọ́n ń bá ìyá náà san án títí di òní.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ìwé ẹgbẹ́ náà mọ́ tónítóní. Akọ̀wé kò jalè, akápò kò jalè. Ohun tí a kò béèrè ni ó ṣe wá ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1979, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìkìrun ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ìwé girama. Nítorí náà, ní agbègbè yìí, ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún wa pé oore lásán ni ìwé kíkà. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni.

Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ̀tọ́ náà dé lójú òfin? Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama. Ní ti yunifásítì, apá 18 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Apá 6 ìwé òfin kan náà kò sì jẹ́ kí a lè torí ìlérí yìí pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba kò jìnnà sí wa. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òkukù, Pólì sì wà ní Ìrèé. Ṣùgbọ́n àyè kò gba gbogbo ọmọ tí ó yege. Ibẹ̀ ni àwọn aládàáni gbà wọlé. Ọdún 1999 ni yunifásítì aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ; lónìí, ó wà ní Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo àti Ìpetumodù. Ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2024 kò ní èlé, ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Ta wá ni báǹkì òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní ti aládàáni? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba kúkú tì wọ́n pa. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò rí. Ní ọdún 1980, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Alhaji Lateef Jakande pàṣẹ pé kò ní sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Anthony Okogie àti àwọn míràn pe ẹjọ́, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì sọ ní ọdún 1981 pé ẹ̀tọ́ aráàlú ni láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. A kò ta ko ìdájọ́ náà. A mọ̀ pé àwọn aládàáni ń ra dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ń san owó oṣù olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ṣí ọjà kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti fi iye ọjà pamọ́ fún ẹni tí ń rà á.

Ilẹ̀ Íńdíà ti la ọ̀rọ̀ yìí kọjá. Ní ọdún 1993, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tí ń kọ́ni níṣẹ́ ìṣègùn àti ẹ̀rọ fi ìdajì àyè wọn sílẹ̀ fún ọmọ tí ó mọ̀wé, ní iye owó ti ìjọba. Ní ọdún 2002, adájọ́ 11 yí i padà: kọ́lẹ́ẹ̀jì lè dá owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ta àyè, kò sì gbọdọ̀ jèrè àjẹjù. Ní ọdún 2003, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ tí adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì jẹ́ olórí rẹ̀ máa yẹ owó náà wò ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní tiwa, JAMB ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àjọ NUC ń ṣọ́ ìwọ̀n ẹ̀kọ́ yunifásítì. Ta ni ó ń ṣọ́ owó? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí iye owó tí kò bá ẹ̀tọ́ mu, ṣùgbọ́n òbí kan ṣoṣo wo ni yóò dojú kọ yunifásítì? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, ìwé ìgbaniwọlé láti ọwọ́ JAMB. Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò tó, ì báà jẹ́ ti aládàáni.

Èkejì, iye owó gbogbo ọdún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní kíkọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀: ti ẹ̀kọ́, ti ibùsùn, ti oúnjẹ, ti ìdánwò. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ju ọdún kan lọ, ẹ kọ ìyẹn náà sínú fọ́ọ̀mù, kí onídùúró lè mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí.

Ẹ̀kẹta, èló ni wọn yóò dá padà bí ọmọ bá kúrò?

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ san owó náà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, kí rìsíìtì sì padà sọ́dọ̀ akọ̀wé.

Bí ìṣirò bá fi hàn pé agbára òbí kò ká gbogbo ọdún náà, ẹ sọ fún un kí ọmọ tó di ẹrù. Àwọn kan yóò ní à ń dí ọmọ lọ́wọ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

A sì rọ àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa kí ó kọ̀wé sí àwọn aṣojú wa ní Abuja. Kí òfin ní kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan gbé iye owó gbogbo ọdún jáde, kí ó má sì fi owó kún ti ọmọ tí ó ti wà nínú ilé láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tún fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn onídùúró méjèèjì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn yóò kọ́kọ́ rí ìwé. Kò bínú sí wọn.