Ta Ni Yóò Ra Ẹ̀gẹ́ Náà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún àgbẹ̀ tó ń gbin ohun tí a fi ń ṣe epo, Ìkẹjà

Ìtumọ̀ epo ohun ọ̀gbìn kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Bí a bá pọn ọtí láti ara ẹ̀gẹ́ tàbí ìrèké títí omi fi tán nínú rẹ̀, ẹtánọ́ọ̀lù la ní, ó sì ṣeé pò mọ́ bẹntiróòlù. Òróró ọ̀pẹ tàbí ti lápálàpá ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo bá wá kò ju ọ̀kan lọ. Kí àgbẹ̀ tó béèrè ajílẹ̀, kí ó tó béèrè owó ẹ̀yáwó, oníbàárà tí kò lè sá fún un ló ń fẹ́. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà epo ohun ọ̀gbìn jáde. Wọ́n fẹ́ kí a máa pò ẹtánọ́ọ̀lù mọ́ bẹntiróòlù, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ní iléeṣẹ́ tó bá ń ṣe é kò ní san owó orí fún ọdún mẹ́wàá. Ó dára fún oníléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta epo ńkọ́? Kò sí ìyà tó jẹ ẹ́ pé kò pò ó, a kò sì pò ó títí di òní.

Agége tí ẹ ń wò yìí, oko kòkó ni láyé àwọn baba wa. Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907, àwọn tó sì wá ṣe lébìrà lóko wọn ló gbé ìmọ̀ kòkó lọ sílé. Àgbẹ̀ ìgbà náà mọ̀ pé oníṣòwò ń dúró de kòkó òun ní Èkó kó tó ti àdá bọ igbó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n ní ìjọba kò gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni rajà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ yìí, èsì mi kò sì tíì yí padà: ẹ lọ wo àwọn iléeṣẹ́ bíà Ìkẹjà.

Guinness ti ń pọntí níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Báálì ni ọkà tí wọ́n ń lò nígbà náà, láti òkè òkun ló ti ń wá, nítorí kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ olóoru. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní 1986, owó ilẹ̀ òkèèrè di ọ̀wọ́n, ìjọba ológun sì ti ilẹ̀kùn: láti 1988, mọ́ọ̀tì báálì kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ariwo ta! Àwọn oníléeṣẹ́ ní ọkà bàbà ilẹ̀ wa kò lè di bíà bíi ti báálì. Wọ́n ní agbára tó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà nínú rẹ̀ kò tó ti báálì. Wọ́n ní ó ń fẹ́ iná púpọ̀ kí ó tó rọ̀. Wọ́n ní kò ní èèpo tí yóò ṣiṣẹ́ asẹ́ nínú àgbá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n ra eǹsáìmù, wọ́n pààrọ̀ asẹ́, wọ́n tún iná ṣe. Àwọn onímọ̀ FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì, níbi Agége Motor Road níhìn-ín, ti ń yẹ ọkà bàbà wò ṣáájú. Ìyà jẹ àwọn oníléeṣẹ́, n kò sẹ́. Síbẹ̀, àgbẹ̀ ilẹ̀ Haúsá tí kò dé Ìkẹjà rí ti ní oníbàárà ní Ìkẹjà. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn padà ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọn kò pa ọkà bàbà tì. Ta ló tún fẹ́ sọ fún mi pé àṣẹ kì í ṣiṣẹ́?

Ẹ wá wo ẹ̀gẹ́. Ní 2002, Ààrẹ Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀gẹ́, àwọn àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n gbìn ín lọ súà. Ní 2005, wọ́n pàṣẹ pé kí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ wọnú ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Àṣẹ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, owó ẹ̀gẹ́ já. Láyé ìgbà yẹn ni mo bá ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ sítáàṣì kan tí n kò ní dárúkọ. Láti ìjẹta ló ti wà níbẹ̀. Omi ń kán lábẹ́ rẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá tó ni ẹrù dá ọ̀kan sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn mí, ìlà dúdú ti la á já. Ó ní, “Ọmọ mi, ìjọba ló ní ká gbìn ín o.” Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onímọ̀ tí ẹ ń kọ̀wé lórí epo ohun ọ̀gbìn láìtíì dé oko ẹ̀gẹ́ rí, ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yẹn wí.

Ìjọba kan náà ló ń fi owó ìrànwọ́ dín iye bẹntiróòlù kù títí di oṣù karùn-ún 2023. Báwo ni ẹtánọ́ọ̀lù ìbá ṣe bá a du ọjà? Abájọ tó fi jẹ́ pé ọtí mímu ni wọ́n ń fi ẹtánọ́ọ̀lù láti iléeṣẹ́ ẹ̀gẹ́ tó wà ní Ìgbẹsà, ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣe.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Ẹ jẹ́ kí n yára fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan ń mú nǹkan bíi 170 lítà wá. Ká ní à ń jó mílíọ̀nù 50 lítà bẹntiróòlù lójúmọ́, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ á gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ lọ́dún, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 tí à ń hú. Kì í ṣe kékeré, ẹni tó ń bẹ̀rù fún gààrí kò jayò pa. Ṣùgbọ́n Thailand ń hú tó 20 tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan, tiwa kò tó ìdajì rẹ̀. Ibẹ̀ ni àyè wà.

Ní ti lápálàpá: BP bá iléeṣẹ́ D1 Oils da owó pọ̀ lé e lórí ní 2007, ó sì yọwọ́ ní 2009. Wọ́n rò pé ilẹ̀ tí kò dára tó fún un, ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í mú èso tó pọ̀ wá. Ní ti ẹtánọ́ọ̀lù, Brazil ló ṣe é bó ṣe yẹ láti 1975: Petrobras, iléeṣẹ́ epo ìjọba, ló ń rà á nígbà náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí ìjọba ṣòfin tí yóò de ẹni tó ń ta epo, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, kí a máa fi kún un. Kí a kéde iye tí a ó fi ra tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Kí ibi ìpọntí kéékèèké wà lẹ́bàá oko. Ẹ̀yin oníléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége, ohùn yín ń dé Abuja ju ti àgbẹ̀ lọ. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó tún ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbin nǹkan kan.